Àtàǹpàkò Inú Bọ́ọ̀lù Pupa

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ Bàbá Oníhò, kọ́kọ́rọ́ tó ti wà lápò rẹ̀ láti ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Máníjà gbà á, ó fi í sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù pupa ńlá kan, ó sì ní kí baba jókòó. Baba jókòó. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó ń fọwọ́ kàn án ṣáá, bí ẹni tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tí ahọ́n ò yéé wá a kiri.

"Bàbá, ẹ má bínú." Ojú Máníjà ò kúrò nílẹ̀. "Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yìí ni ìgbìmọ̀ eré máa jókòó. Tí wọ́n bá ní ẹ ò mọwọ́ mẹsẹ̀, màá dá a padà fún yín lójú gbogbo èèyàn. Tí wọ́n bá sì ní ẹ mọ̀ nípa ẹ̀…"

"Mo ti gbọ́," ni baba wí.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ o, nítorí ẹni tí ò bá mọ eré yìí lè máa rò pé kí ló ṣe àgbàlagbà tí wọ́n fi ń torí bọ́ọ̀lù pe ọlọ́pàá. Gbọ̀ngàn ìyíbọ́ọ̀lù ni ibẹ̀. Ojú pákó gígùn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi epo pa tó ń dán gbinrin, igi mẹ́wàá sì máa ń dúró ní òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ yí bọ́ọ̀lù á ki ìka méjì àti àtàǹpàkò bọ ihò mẹ́ta tó wà lára rẹ̀, á rìn gẹ̀rẹ̀, á yí i lọ, tí igi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá wó lulẹ̀, ariwo á sọ. Bàbá Oníhò ló ń lu àwọn ihò náà. Ibẹ̀ ló ti rí orúkọ.

Láyé àtijọ́, bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ló ní ihò àtàǹpàkò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tuntun ti dé. Baba á lu ihò ńlá, á fi òrùka ike lẹ̀ ẹ́ nínú. Lẹ́yìn náà, á gbẹ́ ike kékeré mìíràn tí ihò rẹ̀ bá àtàǹpàkò ẹni náà mu wẹ́kú. Èyí kékeré yìí ni wọ́n ń pè ní àfibọ̀. Ẹ tì í bọ inú bọ́ọ̀lù, ẹ yí i díẹ̀, á dún kọ́á, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ yí i padà, ó ti jáde. Àfibọ̀ kan ṣoṣo lè bá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n tó dáa ni, tí ò bá ti há. Èyí tó wà nínú bọ́ọ̀lù orí tábìlì Máníjà ti há.

Ọ̀sán Sátidé ló há, lọ́jọ́ àṣekágbá àwọn obìnrin. Ẹni tó bá borí ló máa wọ ẹgbẹ́ tó ń lọ bá ìlú mìíràn figagbága. Jẹ́jẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í dún lórí pákó, ló ń bá Àrá díje, obìnrin kan tí bọ́ọ̀lù tiẹ̀ máa ń ró bí orúkọ ẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló wà níwájú. Nígbà tí epo ojú pákó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó yọ àfibọ̀ ẹ̀ kúrò nínú bọ́ọ̀lù dúdú, ó fi í bọ pupa. Ó yí pupa lẹ́ẹ̀mejì, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fẹ́ padà sí dúdú. Àfibọ̀ kọ̀, kò jáde. Àbúrò ìyá ẹ̀, tó jẹ́ kóòṣì ẹ̀, fi irin yí i, ó fi gbogbo ara fà á. Òfo. Ni Kóòṣì bá gbé bọ́ọ̀lù sí imú, ó figbe ta: "Gúlù! Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́!"

Wọ́n dá eré dúró. Ta ló ń fi gúlù ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn? Ta ló gba bọ́ọ̀lù méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn láti nù wọ́n? Ta ni òun àti Kóòṣì jọ ṣe gbólóhùn asọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí Kóòṣì sọ lójú èèyàn pé ọwọ́ ẹ̀ ti darúgbó? Kò sẹ́ni tó máa dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn tí ò ní dárúkọ Bàbá Oníhò.

Àwọn adájọ́ eré ní tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ba bọ́ọ̀lù jẹ́, wọ́n máa tún àṣekágbá ṣe. Tó bá sì jẹ́ ẹni tó ni bọ́ọ̀lù ló fọwọ́ ara ẹ̀ fà á, Àrá ti borí nìyẹn.

Ohun tó dun baba jù kì í ṣe ẹ̀sùn yẹn. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni ọwọ́ baba ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Láti Sátidé ni kò ti sùn dáadáa. Ṣé gúlù ò ta sí àfibọ̀ yẹn lóòótọ́ nígbà tí òun ń nu bọ́ọ̀lù, tí òun ò rí i?

Ibi tó ti ń rò ó ni ilẹ̀kùn ti ṣí.

Obìnrin tó wọlé kúrú, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, àpò tó gbé kọ́ èjìká fẹ̀ ju òun fúnra ẹ̀ lọ. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, wọ́n rán an wá láti tésàn. Ódáabẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí kò sóhun tí èèyàn sọ fún un, ìbáà ṣe òótọ́ ìbáà ṣe irọ́, "Ó dáa bẹ́ẹ̀" ló máa fi dáhùn. Àwọn olè tó ti gbọ́ ọ rí ní ó ń dẹ́rù bani ju ìbọn lọ.

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún baba. "Ẹ kúùjókòó, sà."

Látọjọ́ Sátidé, kò sẹ́ni tó tún kúnlẹ̀ kí i. "Kú iṣẹ́, ọmọ mi."

"Máníjà, ta ló ti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yìí láti Sátidé?"

"Kò sẹ́ni, mà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ló wà, mo tì í pa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó fi iná kékeré kan tàn wo inú ihò náà, ó gbóòórùn ẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Kóòṣì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ gbera. "Mà, ẹ má wulẹ̀ yọra yín lẹ́nu. A ti pe ẹnì kan láti gbọ̀ngàn kejì. Aago méjì ló ń bọ̀. Ó máa fi ẹ̀rọ lu àfibọ̀ yẹn fọ́, kí ọmọ mi rí bọ́ọ̀lù ẹ̀ lò."

"Tó bá lù ú fọ́ tán, kí ni mo máa wá wò? Ìyẹ̀fun?" Ó yí sí Máníjà. "Ta ló lè yọ ọ́ láìfọ́?"

Máníjà fẹnu júwe baba.

"Háà!" Kóòṣì sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ẹ fẹ́ gbé ẹran fún ajá ṣọ́!"

"Ajá yìí ò tíì jẹ ẹran kankan lójú mi, Ọ̀gá Kóòṣì. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín. Àwọn bọ́ọ̀lù yìí ò yé mi, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́."

Máníjà ló ní láti wá ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Baba dúró lẹ́yìn ẹ̀ bí àlejò.

Ṣọ́ọ̀bù náà kéré, ṣùgbọ́n ohun gbogbo wà láyè ẹ̀: ẹ̀rọ ìlùhò nígun, pépà oníyanrìn lóríṣiríṣi, àfibọ̀ tó ti gbó tí wọ́n tò sínú páànù. Lára ògiri, baba ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ òfin mẹ́ta fún àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù. Ódáabẹ́ẹ̀ gbé gíláàsì ẹ̀ sójú, ó kà wọ́n sókè.

"'Má fi bọ́ọ̀lù sínú mọ́tò lọ́sàn-án.' Kí nìdí?"

"Ooru máa ń jẹ́ kí ike wú. Tó bá wú, ó máa há."

"Ṣé bọ́ọ̀lù Jẹ́jẹ́ wà nínú mọ́tò ní Sátidé?"

"Rárá o. Láti ọwọ́ mi ló ti bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀." Baba mọ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀kùn kan tí ì bá gba òun là ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. 'Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni kí o wá wọn ọwọ́.' Ìyẹn ńkọ́?"

"Ọwọ́ èèyàn kì í dúró sójú kan. Ó máa ń sanra, ó máa ń rù." Ó na ìwé ńlá kan tí èèpo ẹ̀ ti já sí i. "Gbogbo wọn ló wà níbí, ojú ìwé kan fún ẹnì kan."

Ódáabẹ́ẹ̀ ṣí ìwé náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ọwọ́ sójú ewé kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àti déètì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka. Ó dúró lórí ojú ewé kan, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó pa á dé. Ó tún yíjú sí ògiri.

"'Bí o bá kán gúlù sí egbò…' Bàbá, ìgò gúlù mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́ta."

"Méjì ni mo rí."

Baba yí wo pẹpẹ. Méjì ni lóòótọ́. "Mẹ́ta ni wọ́n ní Ọjọ́bọ̀," ló wí, "mo fi ojú mi rí wọn."

Kóòṣì, tó ti tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín láti imú. "Ìgò náà ti fẹsẹ̀ rìn lọ, àbí?"

Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n fi rí ìgò tó fẹsẹ̀ rìn. Inú àpò Àrá ló wà. Àrá fúnra ẹ̀ ló mú un jáde kí wọ́n tó bi í, ó gbé e sórí tábìlì Máníjà gbà-á.

"Èmi ni mo mú un. Lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá ò sí níbẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Bàtà mi ló la ẹnu." Ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀ sókè fún ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. "Ẹ wò ó."

"Kí ló dé tó ò sọ látọjọ́ Sátidé?"

"Mà, ẹni tí bọ́ọ̀lù ọ̀tá ẹ̀ há, kí ó wá jáde wá sọ pé òun ní gúlù lápò? Orí mi ò dàrú o!"

Máníjà ò mọ̀ pé òun rẹ́rìn-ín, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Àmọ́ Kóòṣì ti dìde dúró. "Ó ti jẹ́wọ́! Òun àti bàbá yìí ni!"

Ìsàlẹ̀ bàtà ni Ódáabẹ́ẹ̀ ń wò. Gúlù tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ti gbẹ, ó nípọn, ó sì pọ́n bí oyin. Ó fi èékánná họ ọ́. "Bàbá, ṣé bí gúlù yín ṣe máa ń rí nìyí tó bá gbẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Tiwa nípọn, nítorí ihò ńlá la fi ń dí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa lọ, àbúrò mi. Wọ bàtà ẹ."

Jẹ́jẹ́ ló kù. Ó wọlé bó ṣe máa ń rìn lórí pákó, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dún. Ó kúnlẹ̀ kí baba, ṣùgbọ́n kò wojú ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ aláwọ dúdú tó fi ń gba ọrùn ọwọ́ dúró wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, ó bo àtàǹpàkò ẹ̀ pátápátá.

Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni baba ti mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó ní, baba ló lu ihò ẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Pé ọmọ yìí ò lè wo ojú òun mọ́, ó dun baba wọra. Ó gbà tán pé èmi ni mo ṣe é, ló wí nínú ara ẹ̀.

"Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀," ni Ódáabẹ́ẹ̀ wí.

"Kò sóhun tó ṣe bọ́ọ̀lù kó tó—" ni Kóòṣì bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá Kóòṣì, ṣé ẹ̀yin lẹ ń yí bọ́ọ̀lù náà?"

Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ kéré. "Mo yọ àfibọ̀ kúrò nínú dúdú. Mo fi í sínú pupa. Nígbà tí mo fẹ́ yọ ọ́, kò jáde."

"Ṣé ó yọ kúrò nínú dúdú wọ́ọ́rọ́wọ́?"

"Wọ́ọ́rọ́wọ́, mà."

"Ṣé o gbé e fún ẹnikẹ́ni kó tó wọ pupa?"

"Rárá, mà. Wọ́n ti ń pè mí pé ó kàn mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Buwọ́ lu ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀ yìí."

Jẹ́jẹ́ gba bíírò. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbà á, ó fi sáàárín ìka kejì àti ìkẹta, ó kọ orúkọ ẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. "Ọrùn ọwọ́ ló ń dùn mí," ló sọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago kan lù. "Ó yá, Bàbá. Ẹ bá wa yọ ọ́."

Kóòṣì jà, Máníjà bẹ̀bẹ̀, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ jókòó. Nígbà tí wọ́n pariwo tán, ó ní, "Gbogbo wa la máa wo ọwọ́ bàbá. Ojú mẹ́jọ ju ìdè lọ." Ni baba bá ká apá ẹ̀wù.

Ó ní kí wọ́n gbé yìnyín wá láti fíríìjì àti omi gbígbóná nínú agolo. Ó ki táwẹ̀lì bọ omi gbígbóná, ó fún un, ó wé e mọ́ ara bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó kan ẹnu ihò. Ó gé ìka kan lára ìbọ̀wọ́ róbà, ó rọ yìnyín tó ti fọ́ sínú ẹ̀, ó dì í, ó sì kì í bọ inú àfibọ̀.

"Ooru á mú ara bọ́ọ̀lù wú síta," ló ń ṣàlàyé fún ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́. "Òtútù á mú àfibọ̀ sún kì. Gúlù ò sì fẹ́ràn òtútù, ó máa ń mú un gbẹ tá-tá, á wá ṣẹ́. Ẹni tó bá da oògùn olóró sí i tàbí tó fi agbára fà á, ó ti ba bọ́ọ̀lù jẹ́ nìyẹn."

"Báwo lẹ ṣe máa mọ ìgbà tó tó?"

"Á sọ fún mi."

Wọ́n dúró. Ìdajì wákàtí kọjá, ó pààrọ̀ yìnyín lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń fi òòlù igi kan ẹnu ihò náà pẹ́pẹ́, ó ń tẹ́tí. Ohun tó ya òun fúnra ẹ̀ lẹ́nu ni pé ọwọ́ òun ò gbọ̀n rárá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin tó kàn án, ìró ihò náà yí padà. Ó ki irin kékeré bọ̀ ọ́, ó yí i díẹ̀.

Kọ́á.

"Háà, Bàbá o!" ni Máníjà wí.

Àfibọ̀ bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ baba. Ó gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó yí i wò.

Gúlù wà lára ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gúlù tirẹ̀. Èyí mọ́ roro, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì lẹ̀ mọ́ agbedeméjì ara àfibọ̀, kì í ṣe ẹnu ẹ̀. Nínú gúlù yẹn, awọ ara kékeré kan wà, awọ àtàǹpàkò èèyàn, ó há síbẹ̀.

Ó yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ṣòro fún un láti mọ̀: òun ló kọ́ Jẹ́jẹ́ ní ọgbọ́n yìí. Jẹ́jẹ́ wà lọ́mọ ọdún méjìlá nígbà yẹn, àtàǹpàkò ẹ̀ bó, ó ń sunkún. Baba ra gúlù tó ń ṣàn bí omi nílé oògùn, èyí tí wọ́n fi ń dí ojú egbò, ó kán ẹyọ kan sí i. Ó ní, ó yá, ka ọgọ́ta kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọ náà kà á sókè dé ọgọ́ta, ó sì dákẹ́ ẹkún.

Baba wo Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀. Tí baba bá sọ̀rọ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ padà sápò, ṣùgbọ́n àṣekágbá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Kò rò ó pẹ́. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ dé.

"Kí lẹ rí, Bàbá?"

"Gúlù ni."

"Ṣé tiyín ni?"

"Gúlù ni mo sọ."

"Ẹ ò rí i!" Kóòṣì fò dìde. "Ó ti ń gbé e pamọ́! Kí la tún ń wá?"

"Ẹ jókòó," ni Ódáabẹ́ẹ̀ wí, kò pariwo. Ó dìde, ó wá síwájú baba, ó tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà."

Níkẹyìn, baba la àtẹ́lẹwọ́.

Ódáabẹ́ẹ̀ wò ó, ó fi iná tàn án, ó gbé e kalẹ̀ sórí ìwé funfun. "Èèyàn tó bá ṣẹ̀ lè gbé ohun tó máa dá a lẹ́bi pamọ́. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó ń gbé ohun tó máa dá a láre pamọ́ rí, àfi tó bá ń dáàbò bo ẹlòmíì. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Gúlù ti bàbá nípọn, ó pọ́n. A rí i lábẹ́ bàtà Àrá. Èyí mọ́ roro. Nítorí náà, kì í ṣe gúlù ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì."

"Ó lè ra òmíràn," ni Kóòṣì wí, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Ó lè rà á. Àmọ́ tí mo bá fẹ́ lẹ àfibọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù látìta, ẹnu ihò ni gúlù máa wà. Èyí wà lágbedeméjì ara ẹ̀. Ó ti wà lára ẹ̀ kó tó wọlé, ó sì tutù nígbà náà. Ṣé inú dúdú ló ti bá a ni? Rárá, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, dúdú ni ì bá lẹ̀ mọ́. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló jáde. Ó túmọ̀ sí pé láàárín dúdú àti pupa ni gúlù ti kàn án. Ọwọ́ ta ló wà láàárín ìgbà yẹn?"

Ó na ìka sí ìwé tí Jẹ́jẹ́ buwọ́ lù.

"Ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ tó ń fi ìka kejì àti ìkẹta kọ̀wé. Ògiri ṣọ́ọ̀bù bàbá ti sọ ìyókù fún wa, mo kàn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgò gbà á lẹ́nu mi ni: 'Bí o bá kán gúlù sí egbò, ka ọgọ́ta kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.'" Ó yíjú sí i, ohùn ẹ̀ rọ̀. "Jẹ́jẹ́, mélòó lo kà dé?"

Omi ti kún ojú ọmọ náà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ aláwọ yẹn díẹ̀díẹ̀. Àtàǹpàkò ẹ̀ ti bó láti orí dé oríkèé, ó pọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ̀.

"Méjìlélógún," ló wí. "Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì."

Kóòṣì jókòó bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. "Jẹ́jẹ́. O ò sọ fún mi."

"Màámi ní tó bá tún bó, òun ò ní jẹ́ kí n yí bọ́ọ̀lù mọ́. Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà sì lẹ pariwo gúlù kí n tó lanu. Mo rò pé wọ́n máa wò ó, wọ́n máa rí i pé Bàbá kọ́. Mo rò pé wọn ò lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá láé." Ó wólẹ̀ sẹ́sẹ̀ baba. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, Bàbá. Mi ò sùn láti Sátidé."

"Èmi náà ò sùn," ni baba wí.

Máníjà ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó fọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Baba ò gbà á.

"Ẹ gbé ìwé ìwọ̀n mi wá ná."

Wọ́n gbé e wá. Ó ṣí i sí ojú ewé kan, ó yí i kí gbogbo wọn lè rí i. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ló wà níbẹ̀, àti déètì kan ṣoṣo. Ó ti pé ọdún méjì àti oṣù méjì.

"Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, èmi ni mo kọ ọ́ sára ògiri. Kò sẹ́ni tí mi ò wọn ọwọ́ ẹ̀, títí kan Àrá. Àfi ọmọ yìí. Ìgbàkígbà tó bá dé, màá ní, tìẹ kẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lórí." Ó fi ìka kan déètì náà. "Ọwọ́ ẹ̀ ti dàgbà, ihò ò dàgbà. Ihò tó há ló bó o lára. Kóòṣì, o ní ọwọ́ mi ti darúgbó. Kò rí bẹ́ẹ̀, o ti rí i lónìí. Ìgbéraga mi ló ṣe é. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbìmọ̀, ẹ kọ tèmi náà sí i."

Kóòṣì dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì Máníjà, aṣọ eré funfun lọ́rùn ẹ̀ àti gbogbo ẹ̀. "Bàbá, mo ṣìwà hù."

"Dìde, dìde, o ti máa dọ̀tí aṣọ."

Ìgbìmọ̀ jókòó ní aago mẹ́rin. Kò gbà wọ́n ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Àrá ló borí, òun ló ń lọ. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ Bàbá Oníhò sétígbọ̀ọ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n sì ní kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ìdájọ́ náà lórí ìdúró, ó sunkún díẹ̀, ó lọ dì mọ́ Àrá.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Ódáabẹ́ẹ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù láti dágbére. Baba ń nu ẹ̀rọ ìlùhò, kọ́kọ́rọ́ ti padà sápò.

"O ti rí ojú ìwé yẹn láàárọ̀, àbí?"

"Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tó ò sọ ọ́?"

"Kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ìwé ni."

Baba mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé àpò ńlá ẹ̀ kọ́, ó lọ. Bó ṣe ń jáde ni Jẹ́jẹ́ ń wọlé, wọ́n ti fi báńdéèjì wé àtàǹpàkò ọ̀tún ẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí tó ti máa ń jókòó sí láti kékeré.

"Ó di ìgbà tí èyí bá jinná ká tó wọn ọ́n," ni baba wí. "Mú òsì wá ná, ká mọ ibi tí ara dé."

Ó mú ike oníhò wẹ́wẹ́ tó fi ń wọn àtàǹpàkò, ó ki àtàǹpàkò òsì ọmọ náà bọ ihò kan. "Báwo ni? Ṣé ó há?"

"Rárá, Bàbá."

Baba ò mú ojú kúrò lójú ẹ̀. Ó dúró.

"Ó há. Ti bọ́ọ̀lù mi náà ti há láti ọdún tó kọjá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ẹ ṣe àṣìṣe."

Baba fà á yọ jẹ́jẹ́, ó sì mú un bọ ihò tó tóbi jù ú lọ.

"Èyí ńkọ́?"

"Ó ṣì há díẹ̀, Bàbá."

"Ẹn-ẹ́n," ni baba wí, ó sì fi í sí èyí tó tẹ̀ lé e.